Bésíbọ́ọ̀lù: báwo la ṣe lè mú kí ọmọ ọdún 11 sí 15 máa ju bọ́ọ̀lù le sí i láìba ìgúnpá rẹ̀ jẹ́?

KóòṣìKubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ọmọ mẹ́rìnlá ni mò ń kọ́ ní bésíbọ́ọ̀lù ní Kubwa, Abuja níbí, láti ọmọ ọdún 11 títí dé ọmọ ọdún 15. Mẹ́fà nínú wọn ni mo fẹ́ yà sọ́tọ̀ fún jíjù, ìyẹn àwọn pitcher. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín.

Apá nìkan ni wọ́n fi ń jù. Ẹsẹ̀ iwájú wọn kì í jìnnà, àyà wọn á ti kọjú sí catcher, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù, kí ọwọ́ tó dé, ìgúnpá á sì wà nísàlẹ̀ èjìká. Bọ́ọ̀lù ò yára, ó sì máa ń gba òkè orí catcher kọjá. Bí mo ṣe ń sọ fún wọn tó pé kí wọ́n gbé ìgúnpá sókè, kò yàtọ̀.

Ọmọ ọdún 12 kan wà nínú wọn, òun ló lágbára jù. Ó ní ìgúnpá ń dun òun lẹ́yìn tí òun bá ti jù tán, ní ẹ̀gbẹ́ inú, ibi tó kọjú sí ìhà. Màmá rẹ̀ ń fi àbóníkì pa á. Ṣé kó máa jù díẹ̀díẹ̀ ni àbí kó dúró? Ìdíje ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

A ò ní òkìtì tí pitcher ń dúró lé. Orí ilẹ̀ pupa pẹrẹsẹ la ti ń jù, ilẹ̀ náà sì le. Ṣé ó ṣe nǹkan?

Ẹnìkan tún fi bọ́ọ̀lù wíwúwo ránṣẹ́ sí wa láti Amẹ́ríkà, ti oúnsì 7, 9, 11 àti 16. Ṣé kí n kó wọn fún àwọn ọmọ? A ò ní ẹ̀rọ tó ń ka eré bọ́ọ̀lù, ìyẹn bó ṣe ń yára tó, nítorí náà mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa mọ̀ pé à ń tẹ̀síwájú.

ÌyáTọ́mi_Fisio

Kóòṣì, ẹ jẹ́ ká mú ti ọmọ ọdún 12 yẹn ṣáájú, torí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kó dúró pátápátá láti òní lọ. Kó má ju ohunkóhun, títí kan òkúta sí máńgòrò àti bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì.

Egungun ọmọ ọjọ́ orí yẹn ò tíì dì tán. Kókó tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ inú ìgúnpá, kerekere ló ṣì so ó mọ́ egungun apá. Iṣan tó ń di ìgúnpá mú kó má là, àti àwọn iṣan tó ń tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú, ara kókó yẹn ni wọ́n so mọ́. Nígbà tí apá bá fẹ́ já síwájú, ìgúnpá máa ń fẹ́ là sí ẹ̀gbẹ́ inú, iṣan wọ̀nyẹn á sì fa kókó náà gidigidi. Lára àgbàlagbà, iṣan ló máa ń ya. Lára ọmọdé, kerekere ò lágbára tó iṣan, òun ló máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Little League elbow nìyẹn. Bí wọ́n bá fipá mú un, kókó náà lè já kúrò lára egungun, ó sì lè di ti iṣẹ́ abẹ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí: ẹ ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ṣé ọwọ́ tó fi ń jù nà tán bí èkejì? Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ kókó inú ìgúnpá náà, kẹ́ ẹ tún tẹ ti ọwọ́ kejì, kẹ́ ẹ máa wo ojú rẹ̀. Bó bá ká ọwọ́ kò tàbí tí ọwọ́ ò nà tán, ọ̀dọ̀ dókítà egungun ló kù. Kí wọ́n ya x-ray ìgúnpá méjèèjì, torí lára ọmọdé, àfi kéèyàn fi ọ̀kan wé èkejì kó tó mọ̀ bóyá àlàfo kerekere náà ti fẹ̀ jù. National Hospital ò jìnnà sí yín. Àwọn tó wà lápá Kano ní ilé ìwòsàn egungun ti Dala.

Àbóníkì á mú awọ ara gbóná, ó parí síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí yí i pé òun ń to egungun. Ẹ má sì fún un ní oògùn ìrora kó lè jù, torí ìrora yẹn lẹ fi máa mọ ìgbà tí ara rẹ̀ ní ó tó. Bó bá jẹ́ pé kerekere náà kàn wú ni, ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà, kí ìrora lọ tán, kí ọwọ́ nà tán, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó súnmọ́. Ìdíje yẹn ti kọjá fún un, ẹ sọ fún màmá rẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Ó lè máa sáré, ó lè máa ṣe eré ìdárayá ẹsẹ̀, ẹ sì lè fi í ṣe ẹni tó ń ka bọ́ọ̀lù.

Ìyẹn ló kàn. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa fi bírò àti ìwé ka gbogbo bọ́ọ̀lù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá jù. Ìlànà Pitch Smart tí MLB, líìgì bésíbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, àti USA Baseball gbé jáde lọ́dún 2014 ni kẹ́ ẹ mú lò, ó sọ iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ lè jù. Lójúmọ́ ìdíje, ọmọ ọdún 11 àti 12 ò gbọdọ̀ ju ju 85 lọ. Ọmọ ọdún 13 sí 16, 95. Òpin nìyẹn o, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ máa lé e. Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, fún ọmọ ọdún 14 sísàlẹ̀: bó bá ju 21 sí 35, ọjọ́ kan, 36 sí 50, ọjọ́ méjì, 51 sí 65, ọjọ́ mẹ́ta, 66 sókè, ọjọ́ mẹ́rin. Ti ọmọ ọdún 15 bẹ̀rẹ̀ láti 31: 31 sí 45 ọjọ́ kan, 46 sí 60 ọjọ́ méjì, 61 sí 75 ọjọ́ mẹ́ta, 76 sókè ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ tó bá sì ti ṣe pitcher lónìí, ẹ má sọ ọ́ di catcher lọ́jọ́ kan náà. Catcher náà ń ju bọ́ọ̀lù padà ní gbogbo ìgbà, àwọn òbí kì í sì í kà á.

Àwọn ASMI, ilé ìwádìí ìṣègùn eré ìdárayá ní Birmingham, Alabama, fi ọdún mẹ́wàá tẹ̀ lé àwọn ọmọdé pitcher, wọ́n gbé èsì jáde lọ́dún 2011: àwọn tó ju ju inning 100 lọ lọ́dún (inning ni ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ìdíje), ewu ìpalára wọn tó ìlọ́po 3.5 ti àwọn yòókù. Ọmọ tó lágbára jù lẹ máa ń fẹ́ lò jù, òun náà sì lọwọ́ rẹ̀ wà nínú ewu jù.

ỌmọAfọ̀njá_Jabi

Fisio ti sọ ti ìrora tán. Ẹ jẹ́ n wá sọ ti jíjù fúnra rẹ̀.

Kóòṣì, "gbé ìgúnpá sókè" ò lè ṣiṣẹ́, torí àbájáde ni ìgúnpá tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó fà á wà lẹ́sẹ̀ àti ní àkókò. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá balẹ̀ dé ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́, nǹkan bí 0.15 ìṣẹ́jú àáyá ni. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gòkè nígbà tí ẹsẹ̀ balẹ̀ ti pẹ́, kò sí bó ṣe lè bá a mọ́, àfi kó máa wọ́ ìgúnpá tẹ̀ lé ara. Ibẹ̀ náà ni ẹrù ti ń kó sórí ìgúnpá.

Ẹ ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí àyà rẹ̀ kọjú sí. Kí fóònù wà ní gíga ìbàdí rẹ̀, lórí nǹkan tí kò mì. Kẹ́ ẹ wá dá fídíò dúró níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú bá kan ilẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wo àwòrán yẹn dáadáa. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ wà ní ìpele èjìká, kí apá òkè àti ìhà ṣe igun 90. Ọwọ́ tó di bọ́ọ̀lù mú gbọ́dọ̀ ti kọjá ìgúnpá lókè, tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀ sí yí sí catcher, àmọ́ àyà ṣì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Inú àlàfo tó wà láàárín yíyí ìbàdí àti yíyí àyà yẹn ni bọ́ọ̀lù ti ń rí eré rẹ̀. Ó dà bí kòbókò: ọwọ́ tó di èèkù mú yára, ó dúró lójijì, agbára wá sáré lọ sí ṣóńṣó. Ìbàdí á yí, á dúró. Àyà á gbà á, á yí, á dúró. Apá á wá fò. Bí ìbàdí àti àyà bá yí lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ yín, kò sí ohun tí wọ́n fi lé apá lọ́wọ́, apá á wá ṣe iṣẹ́ gbogbo ara.

Ẹ wọn ìgbésẹ̀ wọn pẹ̀lú téèpù, láti iwájú rọ́bà, ìyẹn pátákó tóóró tí pitcher ń fẹsẹ̀ tẹ̀, dé ibi tí ẹsẹ̀ iwájú balẹ̀. Ó yẹ kó wà láàárín ìdá 80 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún gíga ọmọ náà. Ọmọ tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 150, ìgbésẹ̀ rẹ̀ yẹ kó wà láàárín 120 sí 150. Ẹ fi eérú fa ìlà láti àárín rọ́bà lọ sí àárín home plate, àwo ilẹ̀ tí catcher ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ balẹ̀ sórí ìlà náà tàbí kó fi díẹ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ tí àyà kọjú sí, kí ìka ẹsẹ̀ kọjú sí home plate, kó sì pa dé díẹ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ṣí síta, ìbàdí ti yí kí àyà tó múra, agbára ti dànù. Bó bá pa dé jù, ìbàdí ò ní ráyè yí, ọmọ á máa ju bọ́ọ̀lù gba iwájú ara rẹ̀ kọjá, èjìká á sì máa jìyà rẹ̀.

Àtúnṣe tí mo gbà pé ó tóbi jù fún àwọn ọmọ yín: ìgbà tí ọwọ́ ń pínyà. Àwọn ọmọdé sábà máa ń di bọ́ọ̀lù mọ́ inú ìbọ̀wọ́ títí ẹsẹ̀ yóò fi fẹ́ balẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ pínyà nígbà tí orúnkún tí wọ́n gbé sókè bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, "sọ̀, pín", ìgbà mẹ́wàá láìju bọ́ọ̀lù, kó tó wá fi bọ́ọ̀lù ṣe é. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgúnpá á gòkè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀.

Ìdárayá mẹ́ta péré tó fún wọn báyìí.

Àkọ́kọ́, ti ògiri. Kí ọmọ dúró, kí ìbàdí iwájú rẹ̀ fi nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ògiri. Kó gbé orúnkún sókè, kó wá fi ìbàdí lọ kan ògiri kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀, orí á dúró láàárín. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ń kọ́ ara pé ìbàdí ló ń ṣáájú. Bí èjìká bá kan ògiri ṣáájú ìbàdí, kó tún un ṣe.

Èkejì, jíjù pẹ̀lú ìrìn. Ó ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú kọjá, á wá tẹ síwájú, á jù. Láti mítà 12, bọ́ọ̀lù 10 sí 12, ní agbára tó tó ìdajì sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ara tó ti ń lọ síwájú á mú kí ẹsẹ̀ gùn láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un.

Ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù kìlógírámù 1 sí 2 tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì jù lu ògiri láti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kékeré tó ti ya, ẹ ki lẹ́búlẹ́bú igi àti iyanrìn sí i, kẹ́ ẹ rán an, kẹ́ ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n ọjà kó má bàa kọjá kìlógírámù 2. Mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ìgbà mẹ́ta. Ẹ má gbàgbé apá kejì, torí ara tó ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo máa ń lọ́.

Ara gbọ́dọ̀ gbóná kí wọ́n tó jù. Jíjù kọ́ la fi ń mú ara gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún sísáré, fífi apá yípo, fífi tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí wọ́n so mọ́ òpó fa èjìká sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà kí wọ́n jù láti mítà 10, 15, 20, kí wọ́n tó dórí òkìtì.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe di bọ́ọ̀lù mú. Fún bọ́ọ̀lù tó ń yára, ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò àti ìka àárín á dá ojú rírán kọjá níbi tó ti fẹ̀, àtàǹpàkò á wà nísàlẹ̀. Ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ àárín bọ́ọ̀lù àti àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kéré lè fi ìka mẹ́ta mú un. Bó bá fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́ á le, eré á dínkù. Lẹ́yìn èyí, change-up ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù bí èyí tó ń yára àmọ́ tó ń rọra lọ. Ẹ fi curveball, bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ lójú ọ̀nà, sílẹ̀ ná, ọmọ tí bọ́ọ̀lù tààrà rẹ̀ ò tíì dúró kò ní nǹkan tó fẹ́ fi ṣe.

KóòṣìKubwa

Ẹ ṣeun púpọ̀, Màmá Tọ́mi àti ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ọmọ náà ò nà tán bí èkejì lóòótọ́, mo ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀, x-ray ti wà nínú ètò.

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan: ọmọ ọdún 14 kan wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni tirẹ̀. Ó ga, ìgbésẹ̀ rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ga jù. Ṣé ìgbésẹ̀ gígùn ṣì dára fún un?

ỌmọAfọ̀njá_Jabi

Rárá, ó ti gùn jù fún agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú tó jìnnà jù ò lè dúró gbọn-in, orúnkún á máa rọ̀ síwájú, àyà ò sì ní lè gorí itan kọjá. Ó ń jù nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù fi ń gòkè. Orúnkún iwájú yẹ kó dúró, kó tiẹ̀ máa nà padà bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò lọ́wọ́. Òun ló ń dá ìbàdí dúró kí agbára lè gòkè.

Ẹ wo bó ṣe ń parí. Bó bá jù tán, ó yẹ kí àyà rẹ̀ wà lókè itan iwájú, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti kúrò nílẹ̀, kó sì máa yí bọ̀ wá síwájú. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ṣì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ dín ìgbésẹ̀ náà kù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kó tún jù márùn-ún, kẹ́ ẹ tún wò ó. Ẹ máa dín in títí àyà yóò fi kọjá. Ẹ fi eérú sàmì sí ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ẹsẹ̀: jíjókòó-dìde lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú àga lẹ́yìn, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹta ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti lágbára, ìgbésẹ̀ á tún gùn padà.

Kàfíńtà_Kàdúná

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ti òkìtì ni tèmi. Ó ṣe nǹkan, Kóòṣì. Lórí òkìtì, ilẹ̀ ń sá lọ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó balẹ̀. Ọmọ tó mọ ti ilẹ̀ pẹrẹsẹ nìkan, gbogbo àkókò rẹ̀ ló máa dàrú lọ́jọ́ ìdíje.

Fún àwọn ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀, Little League, àjọ bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ń lo ẹsẹ̀ bàtà 46 láti rọ́bà dé home plate, òkìtì á ga ní ínṣì 6. Páálí marine board kan, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní 4, ó tó, kò ní ṣẹ́kù. Ẹ ra onínípọn mílímítà 18, àti pákó 2 by 6 mẹ́rin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ní Dei-Dei ẹ máa rí gbogbo rẹ̀ níbì kan. Ẹ gé pákó kọ̀ọ̀kan kó ga ní ínṣì 5 àti ìdá mẹ́rin fún ẹsẹ̀ bàtà 2 àkọ́kọ́, kó wá máa sọ̀ kalẹ̀ tààrà títí á fi di òfo ní ìparí ẹsẹ̀ bàtà 8. Ẹ tò wọ́n sí ínṣì 16 síra wọn, ẹ fi pákó kéékèèké dè wọ́n láàárín. Ẹ gé marine board sí méjì, ẹsẹ̀ bàtà 2 fún orí, 6 fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mílímítà 18 yẹn ló máa sọ gíga rẹ̀ di ínṣì 6. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà á kù díẹ̀ kó tó ínṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà kan tí òfin ní, àwọn ọmọ ò ní mọ ìyàtọ̀.

Sùkúrù ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ìṣó. Ìṣó á yọrí lẹ́yìn oṣù kan, ọmọ á sì gún un. Kápẹ́ẹ̀tì koríko ni kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Rọ́bà náà, pákó tó fẹ̀ ní ínṣì 4, tó gùn ní 18, tẹ́ ẹ fi táyà àtijọ́ bò. Kí iwájú rẹ̀ fi ínṣì 6 jìnnà sí ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àpò iyanrìn méjì lẹ́yìn, kó má bàa sún. Àwọn àgbà tó ń jù láti ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 ń lo òkìtì ínṣì 10, ìyẹn á gba pákó tó gùn ju èyí lọ. Ẹ má fi àwọn ọmọ kékeré sórí rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi erùpẹ̀ mọ ọ́, ilẹ̀ ọ̀gán ni kẹ́ ẹ wá. Amọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, bẹ́ ẹ bá fi omi rin ín tẹ́ ẹ sì gún un, ibi tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ ò ní tètè gbẹ́ kòtò. Ilẹ̀ pupa lásán á di ihò kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ tó bá tẹ ihò lè fi orúnkún gbà á.

Ti eré bọ́ọ̀lù: fóònù tó ń ya fídíò ní àwòrán 240 fún ìṣẹ́jú àáyá kan tó. Ẹ so àwọ̀n mọ́ ibi tí home plate parí sí. Ẹsẹ̀ bàtà 46 jẹ́ mítà 14. Ẹ yọ ibi tí ọwọ́ ọmọ náà dé síwájú rọ́bà nígbà tí bọ́ọ̀lù kúrò. Bó bá jẹ́ mítà 1.2, ó ku 12.8. Ẹ ka iye àwòrán láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ títí tó fi kan àwọ̀n. Bó bá jẹ́ 122: 12.8 pín sí ọ̀nà 122, ìlọ́po 240, ìlọ́po 3.6. Ó máa fún yín ní nǹkan bíi kìlómítà 91 fún wákàtí kan. Ìpíndọ́gba nìyẹn, ti ẹ̀rọ gidi á fi díẹ̀ ga jù ú lọ torí bọ́ọ̀lù ń dẹ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ bí ẹ bá ń ṣe é bákan náà lóṣooṣù, ẹ máa rí ìyàtọ̀. Ẹ má fi fídíò 30 lásán ṣe é. Àwòrán bíi 15 péré lẹ máa rí, bẹ́ ẹ bá ṣi ọ̀kan kà, èsì ti yẹ̀ ní ìdá mẹ́fà tàbí méje nínú ọgọ́rùn-ún.

Lugbe_Ajùkò

Lórí bọ́ọ̀lù wíwúwo tí Kóòṣì béèrè, èmi ò ní sọ pé kí ẹ kó gbogbo irú rẹ̀ dànù. Bọ́ọ̀lù ìdíje jẹ́ oúnsì 5 sí 5.25. Lílo oúnsì 4 àti 6 pọ̀ mọ́ 5 ti pẹ́ lágbo àwọn tó ń kọ́ pitcher, èyí tó fúyẹ́ ń kọ́ apá láti yára, èyí tó wúwo díẹ̀ ń fún un lágbára. Ọmọ ọdún 15 tó ti ga tán, tí ìrora kankan ò sí lára rẹ̀, tó lè ju 10 sí 15 irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láàárín ìgbà tí kò sí ìdíje, á jàǹfààní. Ti oúnsì 11 àti 16 yẹn, ẹ tì wọ́n mọ́ àpótí.

ÌyáTọ́mi_Fisio

Alàgbà Lugbe, a jọ gbà lórí 11 àti 16. Àmọ́ ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Mike Reinold, fisio ará Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2018 lórí àwọn pitcher ọmọ ọdún 13 sí 18, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù wíwúwo. Eré bọ́ọ̀lù wọn lọ sókè ní ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló fara pa. Ìdá 3.3 yẹn, lára ọmọ tó ń jù ní kìlómítà 91, kìlómítà 3 ni. Ìgbésẹ̀ àti àkókò tí ỌmọAfọ̀njá ṣàlàyé ni kó kọ́kọ́ lọ wá a, kò ná ìgúnpá ní nǹkan kan. Títí dókítà á fi sọ pé egungun ọmọ náà ti dì, èmi ò ní fọwọ́ sí oúnsì 7.

Lugbe_Ajùkò

Ẹ̀rí yín lágbára, màmá. Fún oúnsì 7 sókè, mo gbà. Lórí oúnsì 4 àti 6 fún ọmọ ọdún 15 tó ti gbó, mo ṣì wà níbi tí mo wà. Ṣùgbọ́n Kóòṣì ò tiẹ̀ ní wọn lọ́wọ́, nítorí náà kó lo bọ́ọ̀lù ìdíje.

KóòṣìKubwa

Mo ti kó wọn pamọ́. Ó ku ọ̀kan: ojú ọjọ́ ibí yìí àti àwẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà ń gbààwẹ̀ Ramadan. Kí ni kí n máa wọ̀n lóṣooṣù yàtọ̀ sí eré bọ́ọ̀lù?

ÌyáTọ́mi_Fisio

Àwọn tó ń gbààwẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù le lọ́sàn-án. Kí wọ́n ṣe ti ògiri àti "sọ̀, pín" láìju bọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ ya fídíò wọn. Bí iná bá wà ní pápá lẹ́yìn ìṣínu, wọ́n lè ju 20 sí 25 ní ìdajì agbára. Lóṣù March àti April, tí oòrùn ń mú gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 6:30 àárọ̀, kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí wọ́n máa mu ún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20 kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọyẹ́, ìka á gbẹ, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀, ọmọ á wá fún un mọ́wọ́, gbogbo apá á le. Aṣọ tútù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì fún ìka tó. Ìmúragbóná àárọ̀ ọyẹ́ náà gbọ́dọ̀ gùn, ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán.

Nínú ọdún, oṣù mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà tí wọn ò ní ju bọ́ọ̀lù rárá, kí méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ tẹ̀ léra. Ìgbà òjò, láti July, ló rọrùn jù ní Abuja: pápá ti di ẹrẹ̀, bọ́ọ̀lù aláwọ tó bá mu omi sì ń wúwo. Kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, kí wọ́n sáré, kí wọ́n mú ẹsẹ̀ lágbára.

Lóṣooṣù, ẹ wọn eré mítà 20, fífò síwájú láti ojú kan, gígùn ìgbésẹ̀, àti gíga ọmọ lára ògiri, láìwọ bàtà, ní àárọ̀. Ti gíga yẹn ni kẹ́ ẹ má fojú fò. Ọmọ tó bá ga sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan láàárín oṣù kan, egungun rẹ̀ ń sáré ju iṣan lọ, bọ́ọ̀lù rẹ̀ lè máa ṣìnà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ dín iye tó ń jù kù sí bí ìdajì lóṣù yẹn, kẹ́ ẹ sì bi í léèrè nípa ìgúnpá àti èjìká rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìdárayá, torí àwọn ọmọkùnrin kì í fẹnu ara wọn sọ ọ́.